Okùn ló kú, ẹ̀rọ ò kú: bí a ṣe ń wá okùn iná tó bá ẹ̀rọ mu ní Kétu, orílẹ̀-èdè Benin

Ìyá mi kékeré gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá sílé mi lórí zẹmijan (ọ̀kadà ibí), ó fi ìró wé e bí ọmọ ọwọ́. Ó ní ó ti kú. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi tàn, ẹni tó ń bá wọn tún nǹkan ṣe ládùúgbò sì ti ní kó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kó lọ wá owó pátákó inú rẹ̀ wá. Mo tú ìró. Mi ò tíì fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n náà tí mo fi rí ibi tí eku ti jẹ okùn rẹ̀ dé wáyà, ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sí orí. Mo yọ okùn ara rédíò mi, mo fi í sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó tàn. Ìyá mi kékeré wò mí títí, ó ní, "Ṣé kò jù báyìí lọ ni?"

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wá okùn tó rọ́pò rẹ̀, ẹ̀bi tiwa sì ni: ọwọ́ lásán la gbé lọ sọ́jà. Okùn àkọ́kọ́ tí a rà, ẹnu rẹ̀ tóbi jù. Ìkejì, ẹnu rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin, kò sì sí ihò kan nílé Ìyá mi kékeré tó lè gbà á. Ohun tí a kọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, àti èyí tí mo ti kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ni mo kó jọ síbí.

Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa rú yín lójú: okùn iná ní orí, ó ní àárín, ó sì ní ẹnu. Orí ló ń wọ ara ògiri. Fíìṣì là ń pè é níbí, àwọn ará ìsọdá, ìyẹn àwọn ará Nàìjíríà tó wà lódìkejì ààlà, ń pè é ní púlọ́ọ̀gì. Ihò ara ògiri ni píríìsì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti wọn. Ẹnu ni ìdí kejì, tó ń wọ inú ẹ̀rọ. Irin tó yọ jáde lórí fíìṣì, ẹsẹ̀ ni mo máa pè é.

1. Ẹ wádìí ẹni tó jẹ̀bi

Ẹ má tíì ná fáràǹkì kan. Ẹ fi nǹkan mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, bóyá ṣájà fóònù, sínú píríìsì yẹn kan náà. Bí kò bá gbà, ògiri ló lẹ́jọ́. Bí ó bá gbà, ẹ yọ okùn kúrò lára ògiri, mo tún un sọ, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá fi ìka tọ̀ ọ́ láti orí dé ẹnu.

Okùn kì í sábà kú láàárín, àfi bí eku, ẹsẹ̀ àga tàbí ilẹ̀kùn bá pa á. Ibi méjì ló ti ń kú fúnra rẹ̀: ibi tó ti jáde lára fíìṣì, àti ibi tó ti fẹ́ di ẹnu, nítorí ibẹ̀ la ti ń ká a, ibẹ̀ la ti ń fà á. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tí kò ní agbára bí àwọn ibi yòókù, wáyà inú ti já. Bí ó bá ti dúdú, tàbí tó ń rùn bí ike jíjó, ẹ má tún dán an wò mọ́.

Ẹ̀rọ tó máa ń tàn nígbà tí a bá gbé okùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì ń kú nígbà tí a bá fi í sílẹ̀, gbogbo wa la ti ní irú rẹ̀ rí. A óò fi bíríkì tì í, a óò máa wo bọ́ọ̀lù lọ. Ní àsìkò yẹn, iná ń ta níbi tí wáyà ti já, nínú rọ́bà níbi tí ojú wa kò tó. Ibẹ̀ ni iná tó ń jó ilé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí tó dájú jù ni kí ẹ yá okùn ẹ̀rọ mìíràn tí ẹnu rẹ̀ bá a mu, bí mo ṣe fi ti rédíò ṣe. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná lè yí i sí ibi tó ti máa ń ké, kó fi ọ̀kan nínú irin ẹnu wáyà ẹ̀rọ náà kan ẹsẹ̀ fíìṣì, kó ki irin kejì bọ ihò ẹnu. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá ihò kan péré ké. Ẹ máa mi okùn náà bí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń bá ara wọn ké nígbà tí okùn kò sí lára ẹ̀rọ kankan, àwọn wáyà inú ti para pọ̀, okùn yẹn ti di ti ààtàn.

Ohun kan wà tí àwa tí à ń gbé lẹ́bàá ààlà gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí orí okùn bá jẹ́ ti Nàìjíríà, fíyúùsì kan wà nínú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó ń jó kí okùn má bàa jó. Ó rí bí oògùn oníhóró gígùn, wọ́n sì kọ 3A, 5A tàbí 13A sí lára (A ni áńpíà, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). Ọ̀pọ̀ okùn tí a ń sọ nù, fíyúùsì rẹ̀ nìkan ló jó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé èyí tó ti jó. Fíyúùsì tí kò lè jó mọ́ ti di ìṣó lásán.

2. Ṣé okùn náà ń yọ?

Ti tẹlifíṣọ̀n, rédíò, kọ̀ǹpútà àti ìkòkò ìrẹsì oníná sábà máa ń yọ. Ti fáànù, áyọ́ọ̀nù, firíìjì àti ẹ̀rọ ìlọta sábà máa ń jẹ́ àbímọ́. Èyí tó ń yọ, ẹ máa bá mi bọ̀. Èyí tí kì í yọ, mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ má fo ohun tí mo wí nípa orí àti àárín okùn, torí ó kan yín.

3. Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ

Bébà kékeré kan wà lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, tó ní V (fóòtì, agbára tí iná fi ń wá), Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), àti A tàbí W (wáàtì, iye agbára tí ẹ̀rọ ń gbà) lára. Iná SBEE, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Benin, tó ń wọ ilé wa jẹ́ 220 V, 50 Hz. Bí ẹ bá rí 220-240V, tàbí 100-240V, ọkàn yín balẹ̀. Bí ẹ bá rí 110V tàbí 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni. 100V nìkan, ti Japan ni. Ẹ̀gbọ́n tó fi ẹ̀rọ ìlọta ránṣẹ́ sílé láti Amẹ́ríkà ṣeun, ṣùgbọ́n kò sí okùn tó lè gba ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Okùn kì í dín iná kù. Orí yòówù kí ẹ fi sí i, 220 náà ni yóò máa gbé lọ fún un, yóò sì jó kí ata tó kúnná. Tìránsífọ́mà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, èyí tí W rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ.

Bí ẹ bá rí W, ẹ fi 220 pín in, ẹ ó mọ iye A tí okùn máa gbé. Tẹlifíṣọ̀n oní 100 W kò gba tó ààbọ̀ A. Kẹ́tùlù oní 2000 W ń gba A 9 ó lé díẹ̀. Okùn tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé ti kẹ́tùlù, kódà bí ẹnu wọn bá jọra. Ẹ kọ iye A yẹn sórí fóònù yín. A óò lò ó.

4. Ẹnu

Ìròyìn ayọ̀ wà níbí. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kárí ayé ti fẹnu kò lórí ẹnu okùn. IEC 60320 ni orúkọ ìlànà náà, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ wá okùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí bí ẹ bá kọ "okùn rédíò" ẹ ó rí ọgọ́rùn-ún nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ C7, ohun kan ṣoṣo ni.

C7 ni ẹnu ìbejì: ihò róbótó méjì tó fara kanra, bí nọ́ńbà 8 tó dùbúlẹ̀. Rédíò, ẹ̀rọ DVD, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré àti ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló ń lò ó. Kò gbọ́dọ̀ gbé ju 2.5 A lọ. Ẹ wò ó dáadáa o, nítorí ọ̀kan wà tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ róbótó, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ní igun. Onígun yẹn kì í wọ ibi tí ìdí méjèèjì ti róbótó, ṣùgbọ́n olóbótó méjèèjì máa ń wọ ibi onígun. Bí ẹ ò bá dá a mọ̀, ẹ ra olóbótó.

C5 ni mo ń pè ní ààrò mẹ́ta. Ihò mẹ́ta tó kóra jọ, bí òkúta mẹ́ta tí a gbé ìkòkò kà. Ẹnu tó ń wọ ike dúdú ara ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká ni. 2.5 A ni tirẹ̀ náà.

C13 ni ẹ ó rí lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ojú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, àti ọ̀pọ̀ ìkòkò ìrẹsì oníná. Ó rí bí ilé tí wọ́n gé igun òrùlé rẹ̀ méjèèjì, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sì wà lójú rẹ̀. Ó lè gbé 10 A. Òun ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó jọ ọ́ bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn, C15. Àmì kan ṣoṣo ni ẹ fi máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀: C15 ní ibi kan tí wọ́n gé wọnú nísàlẹ̀, bí eyín tó ká. Ti nǹkan gbígbóná ni, kẹ́tùlù fún àpẹẹrẹ. C13 ni a ṣe fún ooru 70 °C, C15 ni a ṣe fún 120 °C. C15 máa ń wọ ibi tí C13 ń wọ̀, ṣùgbọ́n C13 kì í wọ ibi tí a ṣe fún C15. Mo ti rí ọkùnrin kan tó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò sí abẹ́ C13 kí ó lè bá kẹ́tùlù ìyàwó rẹ̀ mu. Kẹ́tùlù náà ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnu okùn yọ́ mọ́ ọn lára.

C19 tóbi, igun mẹ́rin ni gbogbo ara rẹ̀, 16 A. Kò wọ́pọ̀ nílé.

Nínú ìdílé yìí, ẹnu kì í purọ́. Bí ẹnu okùn bá wọ ẹ̀rọ yín wẹ́rẹ́, tí kò sí ọ̀bẹ tàbí òòlù nínú ọ̀rọ̀ náà, iná inú ògiri náà ló ń gbé wá, kò sí òmíràn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí tí a bá dé ọ̀dọ̀ ṣájà, òdìkejì rẹ̀ la óò bá pàdé.

5. Orí, tó jẹ́ ìyọnu àwa ará ààlà

Ojú méjì ni ọjà ń gbà wọ Kétu. Ti Nàìjíríà ń gba ọ̀nà Ìlárá wọlé pẹ̀lú orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin. Ti èbúté Kutọnu ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú orí ẹlẹ́sẹ̀ róbótó. Àwọn méjèèjì ń sùn sórí ẹní kan náà lọ́jà. Ara ògiri wa ńkọ́? Ihò róbótó méjì ni, pẹ̀lú irin kan tó yọ síta láti inú píríìsì fúnra rẹ̀. Irin yẹn ni ìsopọ̀ mọ́ ilẹ̀, òun ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ dípò ara ọmọ yín.

Orí okùn Faransé ní ihò kan láàárín tí irin yẹn ń wọ̀. Orí ti Jámánì kò ní ihò, irin ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Ọ̀pọ̀ okùn òde òní ní méjèèjì, ihò láàárín àti irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú ìyẹn ló dára jù láti rà. Orí kékeré pẹlẹbẹ tó ní ẹsẹ̀ méjì tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń wọ ògiri wa, ṣùgbọ́n kò ju 2.5 A lọ: ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nìyẹn.

Bí ẹ̀rọ yín bá wá láti Nàìjíríà tí okùn rẹ̀ sì ń yọ, ẹ má wulẹ̀ dààmú orí náà. Ẹ wá okùn tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí orí rẹ̀ jẹ́ ti wa. Ẹ̀rọ kò mọ orí, ẹnu nìkan ló mọ̀. Èyí tó rọrùn tó báyìí ni mi ò mọ̀ nígbà tí mo ń kó ike ìpààrọ̀ orí (adáptà, tí a ń fi sáàárín orí òkèèrè àti píríìsì wa) jọ sílé bí ẹni ń kó ìlẹ̀kẹ̀.

Ike ìpààrọ̀ orí yẹn, mi ò bú u. Fún rédíò, ó tó. Fún áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù, ẹ gbàgbé rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í so mọ́ ilẹ̀ rárá, irin inú wọn kò sì mú ẹsẹ̀ okùn gírígírí. Ohun tí kò mú gírígírí máa ń gbóná.

Ọ̀nà kẹta ni kí a gé orí Nàìjíríà, kí a fi tiwa sí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń gé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn kalẹ̀ ní 1947. Wáyà ilé tiwọn ń yí ilé po bí òrùka, ó lè gbé tó 32 A, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún orí kọ̀ọ̀kan ní fíyúùsì tirẹ̀. Níbí, ẹ̀ṣọ́ tó ń já iná fúnra rẹ̀ wà lẹ́bàá mítà, kì í ṣe nínú fíìṣì. Bí ẹ bá gé orí wọn, ẹ ti gé ẹ̀ṣọ́ okùn náà mọ́ ọn. Okùn tín-ín-rín tí fíyúùsì 3 A ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ wá ku òun nìkan níwájú ẹ̀ṣọ́ ńlá tó jìnnà sí i.

Àwọn ará ìsọdá náà ní ìṣòro tiwọn: wọ́n á ki bíírò bọ ihò òkè kí ilẹ̀kùn inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lè ṣí, kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Mo ti ṣe é rí ní Mẹ́kọ, mi ò ní purọ́. Nítorí ọwọ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe fi ilẹ̀kùn síbẹ̀.

6. Àárín

Ara okùn gidi máa ń ní ìkọ̀wé kéékèèké. Ẹ gbé e sí oòrùn, ẹ kà á. Bí ẹ bá rí 3G0.75, wáyà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, G náà ń sọ pé ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀, kọ̀ọ̀kan sì nípọn tó 0.75 mm². Bí ó bá jẹ́ 2x0.75, méjì ni, kò sí ti ilẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà A tí ẹ kọ sórí fóònù wá: 0.75 tó fún 6 A, 1.0 tó fún 10 A, 1.5 tó fún 16 A. Okùn tí kò ní ìkọ̀wé kankan lára, mi ò ní rà á fún ohun tó ń gbóná, bó ti wù kó dán tó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rá ara okùn tàn yín. Rọ́bà lè nípọn kí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín, agbádá ńlá lára ẹni tí ebi ń pa. Ẹ gbé e lọ́wọ́: bàbà wúwo. Bí olùtajà bá gbà, ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà kan níbi tí wọ́n ti gé e. Bàbà gidi pupa títí dé inú. Bí ó bá pupa lóde, tó funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Ó ń gbóná ju bàbà lọ, ó sì tètè ń ṣẹ́.

Lórí gígùn, ẹ ra èyí tó tó yín, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn gígùn tí a ká bí ejò sábẹ́ aga tí ẹ̀rọ ńlá sì ń fà iná láti inú rẹ̀, ooru ara rẹ̀ kò ríbi jáde.

7. Lọ́jà

Ẹ gbé okùn àtijọ́ dání. Gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí kò tó ìgbésẹ̀ kan yìí. Bí eku bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ nìkan. Bí ẹnu pàápàá bá ti jó, ẹ ya àwòrán ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ẹ fi ìka tàbí kọ́ìnì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá."

"Ọ̀ọ, ẹ kú àbọ̀. Okùn tẹlifíṣọ̀n lẹ fẹ́?"

Ẹ má dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibí yìí la ti ṣìnà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ohun tó ń jẹ́ okùn tẹlifíṣọ̀n. Ẹnu ìbejì wà, C13 náà wà. Ẹ gbé èyí tó kú sórí tábìlì wọn, ẹ ní, "Ìyá, ẹnu báyìí ni, orí ẹlẹ́sẹ̀ róbótó, kó ní ibi tí irin ògiri ń wọ̀." Bí ó bá jẹ́ ẹnu ìbejì, kò ní ti ilẹ̀, ẹ má béèrè rẹ̀. Ẹ kó ẹnu méjèèjì kojú ara wọn, ẹ wò wọ́n bí ẹni ń wo owó ayédèrú. Ẹ wá ní kí wọ́n fi dán nǹkan kan wò fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní rédíò tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn látàárọ̀. Okùn rẹ̀ lè jẹ́ ìbejì.

Lérò tèmi, okùn tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ tó wá láti Yúróòpù sábà máa ń sàn ju tuntun tó ń dán nínú ọ̀rá lọ. Ó wúwo, ìkọ̀wé rẹ̀ pé, bàbà inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ẹ kàn ká a wò níbi ọrùn orí àti ọrùn ẹnu. Bí rọ́bà bá là, ẹ fi sílẹ̀. Ẹnu tó bá ṣọ̀wọ́n tí ẹ ò rí ní Kétu, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tàbí Tokpa ní Kutọnu, ṣùgbọ́n àwòrán ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe àlàyé ẹnu.

8. Ṣájà àti ike dúdú: ibi tí ẹnu ti ń purọ́

Kí ẹ tó ra ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun, ẹ wo ohun tó wà níwájú yín. Okùn méjì ni. Ọ̀kan wá láti ògiri sínú ike dúdú, ó sì ń yọ. Èkejì jáde lára ike lọ sínú kọ̀ǹpútà, kì í yọ. Bí iná kékeré ara ike kò bá tàn, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn ògiri yẹn, ààrò mẹ́ta tàbí ìbejì, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọmọ yunifásítì kan ládùúgbò wa ra odidi ṣájà lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ àga òun ló ń pa okùn ògiri.

Bí ike fúnra rẹ̀ bá kú, ẹ rọra ṣe. Iná tó ń jáde lára ike kì í ṣe 220 mọ́. Ó lè jẹ́ 5 V, 9 V, 12 V, 19 V, gbogbo wọn sì lè ní ẹnu róbótó kan náà tí ìbú òde rẹ̀ jẹ́ 5.5 mm. Ike oní 19 V yóò wọ àpótí íntánẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ 12 V wẹ́rẹ́ bí ọmọ onílé, ó sì lè pa á. Nítorí náà, ẹ má gba ẹnu gbọ́. Ẹ ka ara ike àtijọ́, ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí.

V gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́. A lè jẹ́ ọ̀kan náà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọ́dọ̀ dín. Ẹ̀rọ ló ń fa iye A tó fẹ́, ike kì í fi ipá rọ ọ́ fún un, nítorí náà ike 12 V 2 A lè bọ́ ẹ̀rọ 12 V 1 A láìsí wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àmì: ìlà gbọọrọ lórí ìlà gígé kéékèèké ni iná tó ń lọ sọ́nà kan, ~ ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Àwòrán róbótó kékeré kan tún wà pẹ̀lú + àti -, tó ń sọ èyí tó wà láàárín ẹnu. + ló sábà máa ń wà láàárín, ṣùgbọ́n àwọn dùùrù oníná kan wà tí - ni tiwọn. Olórin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọ́?

Èyí tó kù ni ìbú inú: 2.1 mm àti 2.5 mm jọra lójú, ṣùgbọ́n ọ̀kan yóò máa mì nínú ihò, èkejì kò ní wọlé. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹ gbé àpótí náà dání.

USB-C nìkan ló kúrò nínú ẹjọ́ yìí, torí ṣájà àti ẹ̀rọ máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí iná tó kọjá 5 V. Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan fún fóònù tuntun láti ìparí 2024, torí náà a óò máa rí i sí i nínú tòkunbọ̀. W nìkan ni kí ẹ wò: ṣájà fóònù 20 W kò lè bọ́ kọ̀ǹpútà tó ń fẹ́ 65 W yó.

9. Okùn àbímọ́

Bí ó bá jẹ́ pé ibi ọrùn orí ni okùn ti kú, ẹ lè gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ fi fíìṣì tuntun sí i fúnra yín. Ẹ ra èyí tí a ń fi sìkúrúù dè, 16 A, tó ní ibi ìdè ọrùn. Ẹ gé okùn kọjá ibi tó bàjẹ́, ẹ bó rọ́bà òde tó ìka méjì, ẹ bó ti wáyà kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ lọ́ irun bàbà rẹ̀ pọ̀ kí ọ̀kan má yọ síta. Búráùn ni fáàsì, èyí tó gbé iná wá. Aláró ni nọ́tìrì, èyí tó ń dá iná padà. Aláwọ̀ ewé pẹ̀lú ìyeyè ni ti ilẹ̀. Nínú fíìṣì tiwa, fáàsì àti nọ́tìrì lè wọ ẹsẹ̀ tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ kò ní àyè míràn ju àyè tirẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ: bí ẹnìkan bá fa okùn jáde lọ́jọ́ kan, òun ni kó já gbẹ̀yìn. Okùn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní pupa fún fáàsì àti dúdú fún nọ́tìrì. Ti Amẹ́ríkà, dúdú ni fáàsì, funfun ni nọ́tìrì. Bí àwọ̀ bá ta kora wọn lójú yín, ẹ dúró, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Rọ́bà òde ni kí ìdè ọrùn di mú, kì í ṣe wáyà inú. Ẹ má sì da òjé sí irun bàbà kí ẹ tó fi sìkúrúù dè é: òjé ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ sìkúrúù, ìdè á tú, ibẹ̀ á máa gbóná.

Bí ó bá jẹ́ ibi tó ti wọnú ẹ̀rọ ló ti kú, fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta kò le fún alátùn-únṣe. Fún áyọ́ọ̀nù, ẹ sọ fún un kó fi okùn aláṣọ sí i, irú èyí tí wọ́n hun òwú sí lára. Okùn oníke lásán yóò yọ́ lọ́jọ́ tó bá kan irin gbígbóná. Ẹ má ṣí ẹ̀rọ amóúnjẹgbóná onímáíkíròwéfù tàbí tẹlifíṣọ̀n onígbá ẹ̀yìn fúnra yín, kódà bí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Iná máa ń sùn sínú wọn.

Lọ́jọ́ tí okùn tuntun bá kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí, àárín àti ẹnu. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ lára okùn kẹ́tùlù kò burú. Gbígbóná tí ọwọ́ kò lè gbà, ẹ yọ ọ́.

Ẹ gé okùn àtijọ́ sí méjì kí ẹ tó sọ ọ́ sí ààtàn, torí àwọn ọmọ máa ń ṣa nǹkan níbẹ̀. Ti Ìyá mi kékeré, mo fi ìṣó àti okùn ọ̀gbọ̀ gbé tuntun rẹ̀ kọ́ sára ògiri, kó jìnnà sílẹ̀. Eku náà ti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí okùn firíìjì.